Gbèdéke Owó Oṣù àti Bọ́ọ̀lù Mẹ́rin Tó Kù

Ìkirè,
Ọjọ́bọ̀, nínú ọyẹ́.

Olúrótìmí ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Má bínú pé mo kọ lẹ́tà sí ọ. Mo mọ̀ pé kò tíì tọ́ sí mi. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, àwọn ọlọ́dún kejì sì ni Mọ́mì Susannah, tíṣà wa, ń kọ́ ní lẹ́tà kíkọ. Àwa ọlọ́dún kìíní, gbólóhùn ni wọ́n ní kí a máa kọ, bíi “Ewúrẹ́ náà wà lábẹ́ igi,” a ò sì gbọdọ̀ kọjá ìdí igi náà títí a ó fi ṣe ìdánwò. Mo ti ya ojú ìwé dànù kí n tó dé ibi yìí. Bí o bá rí ibi tó dà bíi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, ó ṣeé ṣe kí n má mọ̀ ọ́n lóòótọ́, jọ̀ọ́ fojú fò ó. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù ni. Fóònù mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, bí o bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo agboolé ló ń dá ọ lóhùn.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ìlú yín ò tíì wọ̀ ọ́ légungun? Ṣé orúnkún tó dá ọ jókòó lọ́dún tó kọjá ti jẹ́ kí o gbádùn? Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, yóò sì ṣíji bò ọ́ lọ́wọ́ àwọn abara-bí-ògiri tó ń sáré bọ̀ wá wó ọ mọ́lẹ̀, nítorí mo ti wo eré yín, mo sì ti rí i pé àṣà ni wọ́n kàn fi ń pè é ní eré. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n wà lóko kòkó wọn ní Ararọ̀mí-Òwu láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń pe ohun tí ẹ gbé há abíyá ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àti pé bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ yẹn, bó bá jẹ́ pé Ìkirè níbí ni ẹnì kan ti rán an, wọn ì bá dá a padà fún un kó lọ tún un ṣe. Mo ní mo máa bi ọ́. Mo ti bi ọ́ báyìí.

Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Páànù tí ẹ̀fúùfù ká lórí ilé ìdáná, owó tí o fi ránṣẹ́ la fi kàn án padà, ó sì dúró. Eruku ojú títì pọ̀ débi pé a ní láti máa fi ọ̀rá bo dòdò wa lórí àtẹ, àwọn èrò Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ò sì wá rí ohun tí a ń tà mọ́, ẹnu la fi ń polówó rẹ̀ títí ọ̀fun á fi gbẹ.

Ó yá, kí n bọ́ sórí ohun tó mú mi kọ̀wé. Àjàní, ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Àìkú ò jẹ́ kí oúnjẹ ó lọ lọ́fun mi. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá òdì ni mo gbọ́. O ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke owó tó lè san fún gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, bó ti wù kó lówó tó. O ní nínú ìwé àdéhùn tìrẹ, owó oṣù wà, owó àjẹmọ́nú sì tún wà, tí wọ́n máa san bí o bá mú bọ́ọ̀lù tó iye kan kí ọdún tó parí. Níwọ̀n ìgbà tí o ò mú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí orúnkún rẹ, wọ́n ní kò jọ pé o máa lè mú un lọ́dún yìí, wọn ò sì ka owó náà mọ́ gbèdéke ọdún yìí rárá. Ṣùgbọ́n bí o bá wá mú un, wọ́n á san án fún ọ, wọ́n á sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú gbèdéke ọdún tó ń bọ̀. O ní bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló kù, ìdíje tó kẹ́yìn sì ni ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí.

Mo ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín ni ohùn rẹ wá lọ sílẹ̀. O dárúkọ Dámilọ́lá, ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ jọ ń gbé, tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ń pè mí ní Màmá Ìkirè bí ẹni pé èmi ni mo bí i. O ní ìwé àdéhùn rẹ̀ máa parí, o sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé bí ọwọ́ bá há lọ́dún tó ń bọ̀, irú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ. O wá ní, Màmá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá kí n mú àwọn bọ́ọ̀lù náà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lọ nìyẹn. Mo pe “hẹ́lò” títí, bàbá rẹ ní kí n yéé kígbe, Amẹ́ríkà ò sí lẹ́yìn ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni àdúrà. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọdún yìí ni mo ti ní kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní Apòmù máa gbàdúrà kí o mú gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí ọ. Mo wá rí i pé èmi fúnra mi ni mò ń lé Dámilọ́lá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé mo wọkọ̀ lọ sí Apòmù lọ bá Mọ́mì Susannah níbi ìpàdé àdúrà, nítorí àwọn náà ni olórí aládùúrà wa, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ẹ bá wa dín in kù. Wọ́n ní dín kí ni kù? Mo ní àdúrà Rótìmí, kó mú mẹ́ta, kó má mú ìkẹrin. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ló wá ní, Morónkẹ́, ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ ni, tí a ó ní kí wọ́n bomi là á? Ẹ̀rín ta. Mọ́mì Susannah ní láti ìgbà tí àwọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí àwọn ti ń darí àdúrà, wọ́n ti gbé àìsàn wá bá àwọn, wọ́n ti gbé àìríṣẹ́ wá bá àwọn, ẹnì kan ò tíì wá sọ pé Olúwa, jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ mi yọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní báwo ni a ó ṣe wí i, ṣé kí a máa ṣe àmín sí i ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà tí wọ́n rí i pé n kò ṣàwàdà, wọ́n dìde, wọ́n gbàdúrà pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ lórí bọ́ọ̀lù kẹrin. Àmín náà ò lágbára, mo gbọ́ ọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí báǹkì. Ìdí tí mo fi lọ ni pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa gbèdéke láyé mi. Ṣé o rántí ìgbà tí owó páànù kọ̀ tí kò wọlé? Humairah ọmọ ilé kejì, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló sọ fún mi nígbà náà pé àkáǹtì mi ní gbèdéke, owó kò lè kọjá ibì kan nínú rẹ̀, àfi bí mo bá mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi àti bíìlì iná wá. Mo mú wọn lọ, wọ́n sì sún gbèdéke náà sókè. Nítorí náà mo ní, Humairah, àwọn ẹgbẹ́ Rótìmí, ṣé wọn ò ní bíìlì iná ni? Mo rí iná tó wà lórí pápá wọn nínú fóònù, iná ọ̀hún pọ̀ ju ti gbogbo Ìkirè lọ, kí wọ́n mú bíìlì rẹ̀ lọ bá àwọn tó fi gbèdéke sí i. Humairah wò mí, ó ní Màmá, ẹ jókòó ná.

Ó ní kì í ṣe irú gbèdéke yẹn. Ó ní àwọn tó ni ìdíje náà ló fi lélẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó bá lówó jù má baà kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó dára sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni? Mo sì mi orí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, Àjàní, mi ò rí ìdí tí wọn ò fi lè gbìyànjú bíìlì iná náà. Bá mi béèrè. Bí wọ́n bá ní rárá, kò sí ohun tó bọ́ lára ẹnikẹ́ni.

Mo tún sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ti bọ́, pé o ti mú bọ́ọ̀lù tó pé, torí mo jókòó ti fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fi òkúta kéékèèké ka gbogbo èyí tí o mú. Ẹyọ kan tiẹ̀ wà tí o fò sókè mú, o sọ̀ kalẹ̀, o tún fò ó, o tún mú un, o tún wá ń fò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà nínú omi. Mo ka mẹ́ta. Humairah fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àwọn ló ń tún un fi hàn. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń tún un fi hàn, ṣé wọn ò gba ọmọ mi gbọ́ ni? Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi ti ń kùn pé kí ìyá oníbọ́ọ̀lù máa lọ. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, mo sì da òkúta mi nù lójú ọ̀nà.

Àná ni nǹkan wá ṣẹlẹ̀ tí mo rò pé ó là mí lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò dá ara mi lójú. O mọ bí àwa onídòdò Ìkirè ṣe ń pín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ náà ti rù ú rí kí ẹsẹ̀ rẹ tó gùn jù fún ọ̀nà oko. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kó o wá láti Ararọ̀mí-Òwu lọ́jọ́ ọjà, ìwọ̀nba tí ọkọ̀ bá sì gbà náà ni gbogbo wa máa pín. Alhaja Sàlámọ̀tù, ìyálọ́jà wa, kì í bi ẹnikẹ́ni pé mélòó lo fẹ́. Ohun tí o bá tà lọ́jà tó kọjá ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ. Ẹni tó bá ta apẹ̀rẹ̀ méjì, a ti yọ apẹ̀rẹ̀ méjì sílẹ̀ fún un kó tó dé. Ẹni tó bá ta ọ̀kan, ọ̀kan náà ni. Bí ẹni tó ń gba ọ̀kan bá wá ta ju bẹ́ẹ̀ lọ, Alhaja á ní kí wọ́n lọ gé sí i lóko fún un, lára èyí tó yẹ kó wá lọ́jà tó ń bọ̀, ẹrù gbogbo wa á sì fúyẹ́ lọ́jà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ẹfúnkẹ́ nìyẹn, ọmọdébìnrin tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bàjẹ́ níwájú àtẹ rẹ̀ lọ́jà tó kọjá, wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tán, wọ́n tún ní kó mú òmíràn wá. Inú àwọn kan ò dùn. Wọ́n ní Ẹfúnkẹ́ ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀la wa, wọ́n ní kó rọra ṣe, àfi bí ẹni tó jalè. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó fi aṣọ bo àtẹ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn, àwọn oníbàárà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń nawọ́ owó sókè. Alhaja fúnra wọn ló lọ ká aṣọ náà kúrò. Wọ́n ní, ìwọ Ẹfúnkẹ́, ta ló fi ọ́ ṣe ìyálọ́jà? Títà ni tìrẹ. Pínpín ni tèmi. Bí o bá fẹ́ gba iṣẹ́ mi, dúró kí n kú.

Àná tí ọkọ̀ dé, gbogbo wa ti múra ìjà sílẹ̀. Ẹrù ò dín. A wo ara wa. Alhaja ní kí a lọ béèrè lọ́wọ́ Hameedat. Hameedat ni wọ́n ti yọ apẹ̀rẹ̀ méjì sílẹ̀ fún lọ́jà tó kọjá, ṣùgbọ́n ibà gbé e ṣánlẹ̀, kò jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti kà mọ́ ọn lórúkọ, orí igi ló wà lóko, òun ló sì wá lánàá láti dí àyè èyí tí Ẹfúnkẹ́ tà láṣerégèé. Hameedat fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, orí ẹní ló wà.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé ọwọ́ lé orí, nítorí mo rántí Dámilọ́lá. Nígbà ìkórè, tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ láti kí mi, ṣebí ó ní ọrùn ẹsẹ̀ òun ti yẹ̀ látìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé òun kópa nínú gbogbo ìdíje lọ́dún tó kọjá, nítorí náà ẹgbẹ́ ti gbà pé ó dájú pé òun á tún kópa lọ́dún yìí, wọ́n ti ka àjẹmọ́nú rẹ̀ mọ́ gbèdéke ọdún yìí, ẹsẹ̀ sì ti wá gba owó náà lẹ́nu òun. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá a rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Wàyí o, Àjàní, mo bi ọ́: owó tí wọ́n ti kà, tí wọn ò san, níbo ló wà? Bí orí àwọn tó ń ṣe gbèdéke yín bá pé tó ti Alhaja Sàlámọ̀tù, ṣé kò yẹ kí wọ́n dá a padà sórí gbèdéke ọdún tó ń bọ̀? Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe owó Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ ló máa dí àyè tìrẹ?

Mi ò mọ̀. Mo bi Mọ́mì Susannah ní kíláàsì lálẹ́ àná. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sápá kan pátákó, wọ́n kọ bọ́ọ̀lù sápá kejì, wọ́n fa ìlà sáàárín, wọ́n dúró wò ó títí. Wọ́n ní Morónkẹ́, ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Wọ́n nù ún kúrò, wọ́n sì ní kí gbogbo wa tún padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́ tó wà lábẹ́ igi. Nítorí náà, lọ bá akọ̀wé owó ẹgbẹ́ yín kí o bi í. Má sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o béèrè.

Ṣùgbọ́n Àjàní, kó tiẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo rò yìí, kó jẹ́ pé owó náà kì í padà, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Mú bọ́ọ̀lù náà. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ nítorí Dámilọ́lá, o ti bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ yẹn gbà pé òun ló máa lọ. O ti pín in kí àwọn tó ń pín in tó dé. Ó sì máa mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń gbé inú ilé kan, ẹ ń jẹun lórí tábìlì kan, ó mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń rí nígbà tó bá ń mú bọ́ọ̀lù, ó sì máa mọ èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ bọ́. Báwo ni wàá ṣe wojú rẹ̀? Mímú ni tìrẹ, ọmọ mi. Má fi aṣọ bo àtẹ.

Mo ti padà sí Apòmù láàárọ̀ yìí lọ gba àdúrà tí mo dín kù padà. Mọ́mì Susannah ní ṣé ó ti wá dá mi lójú báyìí, torí pé àwọn ò fẹ́ kí n tún padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú tó bí mo ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmín náà mi ilé, ìyá tó sọ̀rọ̀ iyọ̀ lọ́jọ́ Ajé sì fi ìkarùn-ún kún un, ó ní ènì ni, bí àwọn tó ń kà á níbẹ̀ bá fẹ́ ṣe àṣìṣe. Wọ́n tún gbàdúrà fún ọrùn ẹsẹ̀ Dámilọ́lá, ìyẹn sì gùn ju tìrẹ lọ, má bínú.

Mo fẹ́ kí o bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú, nítorí ìdánwò wa ti ń sún mọ́lé, ohun tó wà lórí pátákó sì ti ń ṣe bàìbàì lójú mi, ewúrẹ́ àti igi ti fẹ́ di nǹkan kan náà. Kò ní láti pọ̀. Bó bá pọ̀ ju gbèdéke àkáǹtì mi lọ, kọ ọ́ sí i pé owó tí wọn ò rò pé ó máa wọlé ni, màá sọ fún Humairah kó kà á mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Bí o bá sì rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, jẹ́ kí n mọ̀, kí n di dòdò fún Dámilọ́lá, èyí tí ata rẹ̀ ta dáadáa, bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ ò ní yọ̀. Orúnkún rẹ á gbé ọ. Ohun tí wọ́n bá jù sí ọ láyé, ire ni yóò jẹ́, ìwọ náà ò sì ní ṣàìrí i gbà. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ ò ní wá ara yín tì nínú ilé náà.

Fóònù ni màá fi ya lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, kó lè dé kó tó di ọjọ́ Àìkú. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mi ò fẹ́ kí Mọ́mì Susannah gbọ́ pé ọlọ́dún kìíní kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n wọn ò tó ẹni tí mò ń bẹ̀rù. Dámilọ́lá ni kò gbọdọ̀ rí i, kó má baà mọ̀ pé a jókòó ní Ìkirè àti Apòmù, a ń ṣírò òun mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí o bá kà á tán, pa á rẹ́ nínú fóònù. Bó bá sì bi ọ́ pé kí ni Màmá Ìkirè kọ tó gùn tó báyìí, sọ fún un pé mo kí i, pé mo ní kí o mú bọ́ọ̀lù, kó o má sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónkẹ́.